Màmá Kofowórọlá Pratt, àti àwọn ìyá wa tó wọ aṣọ funfun

Àbẹ̀kẹ́Èkó kọ:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé.

Ọjọ́ 18 oṣù kẹfà 1992 ni Olóyè Kofowórọlá Àbẹ̀ní Pratt papò dà. Bí ọjọ́ náà ti tún ń súnmọ́ yìí, mo ní kí n mú ọ̀rọ̀ wọn wá síwájú yín. Àwọn ọmọ tó ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lónìí lè ro ìtàn Florence Nightingale, òyìnbó tó dá ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì òde òní sílẹ̀, láìwo ìwé, ṣùgbọ́n ẹ dárúkọ Màmá Pratt fún wọn, wọn á máa wojú ara wọn. Ó ń dùn mí gan-an.

Èkó ni wọ́n bí Màmá sí ní 1915, nínú ìdílé Scott. CMS Girls' School ni wọ́n lọ, lẹ́yìn náà wọ́n gba ẹ̀kọ́ tíṣà ní United Missionary College n'Íbàdàn. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ló wà lọ́kàn wọn, bàbá wọn ni kò fọwọ́ sí i, ni wọ́n bá di tíṣà. Ní 1941 wọ́n fẹ́ Olú Pratt, apòògùn. Ọkọ wọn lọ kọ́ iṣẹ́ dókítà ní St Bartholomew's ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn náà sì lọ bá a ní 1946. Ibẹ̀ ni ohun tí bàbá kò fẹ́ ti wá ṣẹ. Wọ́n wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì Nightingale ní ọsibítù St Thomas'. Wọ́n ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, wọ́n ti wà nílé ọkọ, wọ́n sì tún padà sórí bẹ́ǹṣì akẹ́kọ̀ọ́ láàrin àwọn ọmọge òyìnbó. Aláìsàn kan wà níbẹ̀ tó kọ̀ jálẹ̀ pé nọ́ọ̀sì dúdú kò ní fọwọ́ kan òun. Màmá kò torí ìyẹn kó ẹrù. Ní 1950 wọ́n gba ìwé ẹ̀rí, orúkọ wọn sì wọ ìwé àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. NHS, ètò ìlera ìjọba tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù keje 1948, ẹnu iṣẹ́ ló ti bá wọn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ìwé fi ń pè wọ́n ní nọ́ọ̀sì aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nínú rẹ̀.

Ní 1954 wọ́n padà wálé. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó ló ń jẹ́ sístà, nọ́ọ̀sì tó jẹ́ ọ̀gá ní wọ́ọ̀dù. Láàrin nǹkan bí ọdún mẹ́wàá, Màmá ti di mátíróònù, ọ̀gá gbogbo nọ́ọ̀sì, ní UCH, ọsibítù ńlá Yunifásítì n'Íbàdàn, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà. Wọ́n wà lára àwọn tó mú ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wọ Yunifásítì Ìbàdàn ní 1965, wọ́n sì di olórí nọ́ọ̀sì fún ìjọba àpapọ̀. Ní 1973 àjọ Red Cross àgbáyé fún wọn ní àmì ẹ̀yẹ Florence Nightingale. Lọ́dún kan náà wọ́n di kọmíṣánnà ètò ìlera ní Ìpínlẹ̀ Èkó, títí di 1975.

Ohun tí mo fẹ́ nìyí. Ẹni tí ìyá rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ tàbí ìyá àgbà rẹ̀ bá ṣe nọ́ọ̀sì, kó wá sọ fún wa: kí ni wọ́n ṣe gan-an? Báwo ni ilé ṣe rí? Mo ti jókòó níbi ìsìnkú àwọn nọ́ọ̀sì, ohun tí wọ́n máa ń kà sí wa létí ni "aya rere, abiyamọ tòótọ́". Iṣẹ́ tí ènìyàn fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe, ìlà kan péré ni wọ́n máa ń fún un. Lójú tèmi, ayé kan ṣoṣo ni àwọn ìyá yìí gbé, ẹ jẹ́ ká sọ gbogbo rẹ̀.

Délé_ÒkèÀdó kọ:

Ẹ ṣeun, Àǹtí Àbẹ̀kẹ́. UCH ni ìyá mi ti kọ́ṣẹ́, ní ìparí àwọn ọdún 1960. Wọ́n ṣì wà láàyè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ẹsẹ̀ ló ń dùn wọ́n díẹ̀.

Ohun tí mo kọ́kọ́ mọ̀ nípa iṣẹ́ wọn ni aṣọ. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń po sítáàṣì, wọ́n á ri aṣọ funfun bọ̀ ọ́, wọ́n á sá a. Bí wọ́n bá lọ̀ ọ́ tán, aṣọ náà lè dá dúró fúnra rẹ̀. Bẹ́líìtì, fìlà, àti aago kékeré tí wọ́n máa ń fi pín-ìnnì kọ́ sáyà. Àwa ọmọ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan aago yẹn, torí òun ni wọ́n fi ń ka ìlùkìkì ọkàn aláìsàn.

Ní àdúgbò wa, kò sí ẹni tó mọ orúkọ bàbá mi. "Ilé Nọ́ọ̀sì" ni wọ́n ń pe ilé tí bàbá mi fi owó ara wọn kọ́, bàbá kò sì bínú sí i. Láàjìn òru, ẹ ó gbọ́ ìlẹ̀kùn: "Màmá Délé, ẹ gbà wá o!" Gìrì ti gbé ọmọ. Àwọn ará ilé ọmọ náà á ti gbé àgbo tí wọ́n fi ìtọ̀ màlúù ṣe dání, wọ́n fẹ́ rọ ọ́ sí i lẹ́nu. Ìyá mi kì í bá wọn jà. Wọ́n á rọra gba ìgò náà, wọ́n á gbé e sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á bọ́ aṣọ ọmọ, wọ́n á fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún lára, wọ́n á sì tẹ̀lé wọn lọ sí ọsibítù. Ìgò yẹn kì í padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀.

Nígbà tí ìgbẹ́ gbuuru ń pa ọmọ ní àwọn ọdún 1980, ìyá mi ló kọ́ gbogbo obìnrin òpópónà wa bí wọ́n ṣe ń po omi oníyọ̀ àti ṣúgà. Wọ́n á pè wọ́n jọ sí abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ìsìn, kálukú pẹ̀lú ìgò àti ṣíbí tirẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n pò ó lójú àwọn, torí iyọ̀ tó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Kò sí ẹni tó san kọ́bọ̀ fún wọn.

Ti ilé ńkọ́? Ọdún Kérésì tí gbogbo wa jọ jẹun pẹ̀lú wọn lọ́sàn-án kò pọ̀. Bàbá mi ló ń se ìrẹsì, a ó bo ti Màmá sínú kúlà. Mo máa ń bínú nígbà yẹn. Nígbà tí èmi fúnra mi gbé ọmọ lọ sí ọsibítù ní ọjọ́ Kérésì, tí mo bá nọ́ọ̀sì lórí ìjókòó, ni mo mọ̀ pé ọmọ ẹlòmíràn ló ń dúró dè é nílé.

ỌmọLísàbí kọ:

Mo kí ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n fi ẹnì kan kún un, torí ọmọ ọba wa ni.

Adénrelé Adémọ́lá, ọmọ Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá, gúnlẹ̀ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1935. Ó kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Guy's, Lọ́ńdọ̀nù, orúkọ rẹ̀ sì wọ ìwé ní 1941, lákòókò tí bọ́ǹbù Jámánì ń rọ̀jò lé ìlú náà lórí. Ìjọba amúnisìn ya sinimá kan nípa rẹ̀, "Nurse Ademola", wọ́n fi hàn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Sinimá náà ti sọnù, kò sí ẹni tó rí ẹ̀dà rẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú wọn tó dé, Annie Brewster, obìnrin aláwọ̀ dúdú láti erékùṣù St Vincent, ti ṣe nọ́ọ̀sì ní London Hospital láti 1881 títí ikú fi mú un ní 1902.

Mi ò sọ èyí láti dín ògo Màmá Pratt kù. "Ẹni àkọ́kọ́" nínú NHS ni wọ́n sọ, ọ̀rọ̀ NHS nìkan sì nìyẹn. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni sinimá yẹn. Odindi ọmọ ọba Ẹ̀gbá, tí wọ́n ya àwòrán rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, a kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ mọ́. Bí ti ọmọ ọba bá lè sọnù, ti ìyá Délé ńkọ́?

SístàBirmingham kọ:

Mo jí ka èyí ṣáájú iṣẹ́ òru. Ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ aláìsàn tó ní kí nọ́ọ̀sì dúdú má fọwọ́ kan òun yẹn, kì í ṣe ìtàn àtijọ́ o. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà, n kò ní dárúkọ ibẹ̀. Bàbá arúgbó kan ni, ó ń mí gúlegúle, ó sì ń sọ fún mi pé kí n lọ pe ẹni gidi wá. Ọ̀gá wọ́ọ̀dù wa jáde, ó sọ fún un pé èmi ni ẹni gidi náà. Mo tọ́jú rẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Kò tọrọ àforíjì, èmi náà kò sì dúró dè é. Nítorí náà, bí mo bá rántí Màmá Pratt, nígbà tí kò tíì sí òfin kankan tó lè gbèjà wọn, orí mi máa ń wú.

Ẹ tún wo ilé wọn nígbà náà. Ọkọ ní St Bartholomew's, ìyàwó ní St Thomas', odò Thames wà láàrin, ìwé ń bẹ nílẹ̀ fún àwọn méjèèjì, ogun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, oúnjẹ ṣì jẹ́ èyí tí ìjọba ń wọ̀n fúnni. Ta ló ń dáná? Ta ló ń fọṣọ? Irú ìbéèrè yìí ni mo máa ń fẹ́ bi wọ́n, torí òun ni àwa náà ń bá yí.

Nílé tèmi, ọkọ mi ló kọ́ bí wọ́n ṣe ń di irun ọmọ wa obìnrin. Orí fídíò ló ti kọ́ ọ. Dídì náà kọ́kọ́ wọ́ bí ọ̀nà oko, ní báyìí àwọn ọmọ ilé ìwé ń bi ọmọ mi pé ta ló di orí fún un. Èmi á wọlé ní aago mẹ́jọ òwúrọ̀, èmi á mú wọn lọ sílé ìwé kí n tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Àwọn ìyá wa ṣe èyí láìsí fídíò, láìsí ẹ̀rọ ìfọṣọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n yan ọ̀kan nínú iṣẹ́ àti ilé, n kò ní dáhùn, torí ọwọ́ tí mo fi ń wẹ aláìsàn náà ni mo fi ń wẹ ọmọ mi.

BàbáÌjẹ̀bú kọ:

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka gbogbo rẹ̀, ó sì dùn mọ́ mi. Ṣùgbọ́n mo ní ọ̀rọ̀ kan. Àbẹ̀kẹ́, ìwọ ń sọ ọ́ bí ẹni pé "aya rere, abiyamọ" kéré. Ní ilẹ̀ wa, ilé ni obìnrin ti ń gba orúkọ. Àbúrò mi obìnrin ṣe nọ́ọ̀sì títí ó fi fẹ̀yìn tì, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n sin ín, kì í ṣe ọsibítù. Ọsibítù kò tilẹ̀ rán ẹnikẹ́ni wá. Ta ló yẹ ká wá kà á sí níwájú Ọlọ́run àti ènìyàn?

Tèmi_Òṣogbo kọ:

Ẹ kú àgbà, Bàbá. Ọlọ́run yóò dẹ ilẹ̀ fún àǹtí wa.

Kò kéré, sà. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rò ni pé bí dókítà ọkùnrin bá kú, wọ́n á ka ibi tó ti kàwé, ọdún tó gbàwé, àwọn ọsibítù tó ti ṣiṣẹ́, àwọn tó kọ́ níṣẹ́. Wọ́n á wá fi "ọkọ rere, bàbá rere" parí rẹ̀. Kò sí ẹni tó máa sọ pé wọ́n gàn án nípa ilé. Kí ló dé tí ti nọ́ọ̀sì fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ilé nìkan? Ọsibítù tí kò rán ẹnikẹ́ni wá yẹn, ṣé kì í ṣe nítorí pé gbogbo wa ti gbà pé iṣẹ́ wọn kì í ṣe nǹkan tí à ń rántí?

BàbáÌbejì_Iléṣà kọ:

Mo ti ń ka èyí láti àná, mi ò fẹ́ dá sí i, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Bàbá wa àti ti Tèmi fà mí jáde.

Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó mi, agbẹ̀bí ni pẹ̀lú. Ọsibítù Wesley Guild níbí ló ti kọ́ṣẹ́. Ó ti sùn.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn alábọ́dé ló pọ̀ jù nínú ibi tí wọ́n gbé e lọ, àwọn abúlé tí iná kì í dé, tí ọ̀nà kì í dára lójò. Ó ń fi tọ́ọ̀ṣì gbẹ̀bí. Bí kò bá sí ẹni tó máa bá a gbá tọ́ọ̀ṣì mú, ó máa ń fi ẹnu gbé e. Ó ń wọn ọmọ, ó ń fa ìlà ìwọ̀n wọn sórí káàdì, bí ìlà náà bá ti dúró tí kò gòkè mọ́, ilé ìyá ọmọ náà ló ń lọ tààrà, ó fẹ́ wo inú ìkòkò wọn. Ó máa ń fi yangàn pé káàdì tí gbogbo ayé ń lò yẹn, ẹ̀bá ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Ìmẹ̀sí-Ilé, níbi tí Dókítà David Morley ti Wesley Guild ti ṣí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ní àwọn ọdún 1950. "Dókítà ló ya káàdì," bẹ́ẹ̀ ló máa ń wí, "àwọn nọ́ọ̀sì ló fa ìlà."

Bí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé, kì í wọ yàrá. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. Báfù kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ ti aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ nìkan, ọṣẹ tirẹ̀ náà wà lọ́tọ̀. Ó máa wẹ̀ tán kó tó jẹ́ kí ọmọ kankan dì mọ́ òun. Àwọn ìbejì á dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n á máa ké, òun náà á máa dá wọn lóhùn láti inú balùwẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí aboyún kan bá bí òkú ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, mo máa ń mọ̀ kó tó sọ̀rọ̀. Ọjọ́ yẹn, bó bá wẹ̀ tán, yóò gbé àwọn ọmọ méjèèjì sórí itan, wọn ì báà ti dàgbà tó, yóò sì ní kí wọ́n máa ka ohun tí wọ́n kọ́ nílé ìwé fún òun. Èmi ni yóò lọ dáná. A kò jókòó dá òfin yẹn, ó kàn di bẹ́ẹ̀.

Oṣù wà tí owó oṣù kò wọlé. Ó ń ta ànkárá láwìn fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ń dá àjọ, owó àjọ yẹn ló san owó ilé ìwé ìbejì ní ọdún tí iṣẹ́ tèmi dá. Kò sọ ọ́ létí ẹnikẹ́ni, àwọn ẹbí mi rò pé èmi ni mo san án. Mo fi ń sọ ọ́ níbí kí ó lè wà nínú àkọsílẹ̀.

Nígbà tí a fẹ́ tẹ ìwé ètò ìsìnkú rẹ̀, ẹni tó bá wa kọ ọ́ kọ "aya olóòótọ́, abiyamọ, ọmọ ìjọ tòótọ́". Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Mo ní kó kọ orúkọ gbogbo abúlé tó ti ṣiṣẹ́. Ó ní àyè kò tó. Mo ní kó yọ àwòrán kan. Nígbà tí wọ́n ka orúkọ àwọn abúlé náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dìde. Wọ́n dárúkọ abúlé kan, àwọn obìnrin kan dìde lẹ́yìn, àwọn ọmọ tó gbẹ̀bí wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, òmíràn ti hu irùngbọ̀n. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó tì mí di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Gbogbo èyí, ìgbà wo ló ṣe é?"

Bàbá wa, ìdáhùn mi sí yín nìyẹn. Bí a bá ti fi "aya rere" nìkan sílẹ̀, àwọn ènìyàn yẹn ì bá jókòó, ẹbí mi ì bá sì má mọ ẹni tí mo fẹ́.

BàbáÌjẹ̀bú kọ:

Bàbá Ìbejì, ẹ kú àjálù, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn. Ọlọ́run yóò tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, yóò dá àwọn ìbejì sí fún yín. Mo gbà lọ́dọ̀ yín. Ní Sátidé, èmi yóò pe àwọn ọmọ àbúrò mi, kí wọ́n sọ gbogbo ibi tí ìyá wọn ti ṣiṣẹ́ fún mi, kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ibi méjì péré ni mo lè dárúkọ.

Nọ́ọ̀sìLọ́la kọ:

Àmín o. Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú ìrántí. Mo wà ní ọdún kejì nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ìyá ìyá mi náà ṣe é, wọ́n ti di olóògbé kí n tó gbọ́njú. Mo fẹ́ mọ̀ nípa iṣẹ́ wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí mo lè bi nílé. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

SístàBirmingham kọ:

Ọmọ mi, ó ṣeé ṣe. Inú àpótí ni kí o kọ́kọ́ wò. Wá ìwé ẹ̀rí wọn, nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀ máa ń wà lórí rẹ̀, ti nọ́ọ̀sì lọ́tọ̀, ti agbẹ̀bí lọ́tọ̀. Wá báàjì onírin tí wọ́n fi ń kọ́ àyà, orúkọ ilé ẹ̀kọ́ sábà máa ń wà lára rẹ̀. Bí o bá ti mọ ilé ẹ̀kọ́ àti ọdún, wá ẹgbẹ́ àwọn tó jáde níbẹ̀. Àwa nọ́ọ̀sì kì í gbàgbé sẹ́ẹ̀tì wa, ẹni tó bá ẹ kọ́ṣẹ́ ti rí ẹ níbi tó le jù. Wá àwòrán tí wọ́n tò sí ní ìlà pẹ̀lú, kí o sì wo ẹ̀yìn rẹ̀, wọ́n sábà máa ń kọ orúkọ síbẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìyá yín ṣì wà láyé, ẹ má dúró dìgbà àpótí. Ẹ bi wọ́n léèrè ní báyìí, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Ẹ má bi wọ́n pé "báwo ni iṣẹ́ ṣe rí," wọ́n á ní "ó dára." Ẹ bi wọ́n ní orúkọ sístà tí wọ́n bẹ̀rù jù.

Àbẹ̀kẹ́Èkó kọ:

Bàbá Ìbejì, mo sunkún, mi ò purọ́. Ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé yẹn síta.

Sístà, ìmọ̀ràn yín dára púpọ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Màmá Pratt gan-an nìyẹn: ojú wọn ṣì wà nílẹ̀ nígbà tí Justus Akínsànyà, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì bíi tiwọn, kọ ìwé nípa ayé wọn ní 1987. Nítorí ẹ̀ ni a fi rí ohun sọ nípa wọn lónìí. Ọmọ Lísàbí bi wá pé ti ìyá Délé ńkọ́. Délé, a ń retí yín.

Délé_ÒkèÀdó kọ:

Mo ti débẹ̀. Mo lọ kí Màmá lánàá, mo bi wọ́n ní orúkọ sístà tí wọ́n bẹ̀rù jù. Ẹ̀rín tí wọ́n rín pẹ́. Wọ́n dárúkọ ẹni náà, wọ́n ní ó máa ń fi ìka nu abẹ́ bẹ́ẹ̀dì wò bóyá eruku wà níbẹ̀, wọ́n sì ní gbogbo ohun tí àwọn mọ̀ nípa ojú egbò, ọwọ́ rẹ̀ ni àwọn ti kọ́ ọ. Láti ibẹ̀, ọ̀rọ̀ kò dúró mọ́. Wọ́n sọ̀rọ̀ aláìsàn kan tí àwọn bọ́ lóúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ nígbà tí àwọn wà lóyún mi, mi ò gbọ́ ọ rí. Wọ́n sọ bí bàbá mi ṣe máa ń wá dúró dè wọ́n ní géètì ọsibítù lálẹ́ pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ ológeere, kí wọ́n tó fẹ́ra. Mo gba gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.

Wọ́n wá rán mi níṣẹ́ sí yín. Wọ́n ní ọdún 1966 ni àwọn wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì UCH, àwọn ń wá àwọn ẹgbẹ́ wọn tó bá ṣì wà, ìbáà ṣe nílé ìbáà ṣe lókè òkun. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá wà nínú sẹ́ẹ̀tì náà, kó kàn sí mi níbí.

Tèmi_Òṣogbo kọ:

Ẹ̀gbọ́n Délé, ìyá ọkọ mi wọlé lọ́dún yẹn. Wọ́n jókòó tì mí báyìí, wọ́n ní kí n bi yín bóyá ìyá yín ni wọ́n fún ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, tí wọ́n máa ń kọrin bí wọ́n bá ń fọ fìlà. Mo ti fi nọ́ńbà wọn ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Wọ́n ní kí ẹ má pè lọ́la o, kí ẹ pè nísinsìnyí.